A Kì í Tú Ọ̀já Ayé Nídùúró

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan Atúọ̀já, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni, wọn ì bá tú u palẹ̀, wọn ì bá tún un tò, wọn ì bá fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Bí Láwuyì, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ tó kọ́ ọ, ti fa ọ̀pá ìtanná wálẹ̀, okùn bàbà tí wọ́n tẹ́ sórí yìnyín, tó gùn débi pé ojú kò tó ìpẹ̀kun rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ilé oyin tí wọ́n fọwọ́ kàn. Òkè sì dáhùn. Nínú yàrá iṣẹ́, akaná, ẹ̀rọ kékeré tí ń ka iná tó bá bọ́ láti òfuurufú, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná: ta, ta, tatata, títí ìró rẹ̀ fi so pọ̀ di ẹyọ kan, tí kò sí ẹni tó lè kà á mọ́.

"Wọ́n ń já bọ́!" Láwuyì fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá àjà. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń já bọ́ o! Ọ̀já ti tú!"

Ìbíwùmí pàápàá pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ obìnrin tí kì í yọ̀ sódì ni. Òun ni olórí àwọn onímọ̀ tó kọ́ ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kì í sì í yá. Lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín dé etí. Ó gbá agbóhùnrìn mú, èyí tí wọ́n fi ń bá ọkọ̀ òfuurufú sọ̀rọ̀, ó sún un mọ́ ẹnu.

"Àríkẹ́, ọmọ mi, ọ̀nà ti ń ṣí o. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń dún ketekete láàárọ̀ ọjọ́ náà ti pòórá. Ariwo kan bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ló gba ojú ọ̀nà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, òjò náà ni.

"Láwuyì, pa á!"

Láwuyì pa á. Okùn dákẹ́. Akaná rọra ń ta lẹ́yọ lẹ́yọ, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n òjò inú agbóhùnrìn kò dá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ayé tí à ń tẹ̀ yìí, òòfà ńlá kan ni. Agbára òòfà rẹ̀ yí i ká bí ọ̀já ṣe ń yí abiyamọ ká, eruku iná tí oòrùn ń fẹ́ sí wa ló sì pọ̀n sínú ọ̀já náà. Eruku yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kankan kò lè rí i, ṣùgbọ́n tí ó bá pọ̀, ó lè gún irin kọjá kó sì ba ẹ̀jẹ̀ èèyàn jẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń pòòyì lójú kan bí òkòtó. Ó ń sáré láti orí ayé dé ìdí ayé, ó ń padà, kò simi. Ó sì ń rọra yí ayé po bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá ń yí igi ìdí àgbàlá po. Bí ohunkóhun kò bá dà á láàmú, ó lè wà lẹ́yìn ayé bẹ́ẹ̀ títí àgbà fi dé bá ọmọdé.

Ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Àwòdì ń bọ̀ láti oko tó wà lórí òṣùpá. Òkúta kan tó ń fò kiri ojú ọ̀run ti bó èèpo ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ti ba èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Ọkọ̀ tó yẹ kó la ọ̀já kọjá fìrí bí ọfà kò lè ṣe é mọ́. Àfi kó máa yí, kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, kó máa gba inú eruku iná náà kọjá lọ bọ̀, láìsí èèpo lára. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ti jóná láti inú wá kí wọ́n tó fojú kan òkun. Wọn kò sì lè dúró sókè títí, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí ń tán lọ. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àríkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbíwùmí bí, wà lára wọn.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ Atúọ̀já láìsùn láìwo: kí wọ́n lè tú eruku iná kúrò lẹ́yìn ayé kí Àwòdì tó débẹ̀. Èbúté-Dídì ni wọ́n sì ti kọ́ ọ, nítorí pé ibẹ̀ ni etí ọ̀já ti sọ̀ kalẹ̀ kan ilẹ̀. Nígbà tí òkun gbé etíkun ilé mì, àwọn ọmọ Yorùbá tó mọ iṣẹ́ ẹja ló tọ yìnyín lọ sí ìsàlẹ̀ ayé pátápátá, wọ́n sì tẹ ìlú náà dó. Ààbọ̀ ọdún ni oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀. Ààbọ̀ tó kù, kì í yọ. Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sínú àpáta, wọ́n rọ iyọ̀ kún un, wọ́n ń fi oòrùn ìgbà ìmọ́lẹ̀ yọ́ iyọ̀ náà títí tó fi ń hó bí epo. Ooru inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìgbà òkùnkùn. Àká ni wọ́n ń pe ihò náà, nítorí pé oúnjẹ ni. Obìnrin àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọ ni Ìyá Alákàá, òun náà sì ni olórí ìlú. Ẹni tí ooru bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí omi ti ń di òkúta, ta ni yóò tún jẹ olórí lé e lórí?

Ọjọ́ kejì ìtanná náà ni ojú àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ inú ilé dígí wọ́ pọ̀ bí ẹni fi omi gbígbóná wọ́n ọn. Eruku iná tó já bọ́ ti jẹ agbòòrùn ayé lu, ìyẹn afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá wa gba gbígbóná oòrùn dúró lókè. Èyí tó kù nínú eruku náà ti di ògiri sójú òfuurufú, ohùn kò lè gbà á kọjá. Ìyẹn ni Ìbíwùmí kò fi gbọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìyá Alákàá wá bá wọn nínú yàrá iṣẹ́. Ó ti fi òrí pa gbogbo ojú rẹ̀, ó ń dán.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Láwuyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àwọn okùn.

"Dìde, má fi àyà nu ilẹ̀ fún mi. O ti rí imú Baba Ọdẹ́wálé? Ó bó bí iṣu tí wọ́n sè jù. Òrí tó wà nílùú ti tán sójú èèyàn. Kí lẹ pe nǹkan yìí ná?"

"Atúọ̀já ni, Ìyá."

"Ọ̀já ta lẹ fẹ́ tú?"

"Ti ayé ni, Ìyá."

"Ti ayé." Ìyá Alákàá yíjú sí Ìbíwùmí. "Ìwọ tó o bímọ. Nígbà tó o pọn Àríkẹ́, tí ọ̀já dẹ̀, tó o fẹ́ tún un so, kí lo máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, Ìyá."

"Kí ló dé tó ò ń bẹ̀rẹ̀? Ṣé o fẹ́ mú owó nílẹ̀ ni?"

"Kí ọmọ lè sùn sórí ẹ̀yìn mi ni, kó má baà já bọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó mọ̀ ọ́n! Ẹ̀yin nàró gangan bí òpó iná, ẹ fa ọ̀já yọ, ọmọ já lulẹ̀ gbì, ẹ wá ń pàtẹ́wọ́. Àbí irú ọgbọ́n ilé ìwé wo nìyẹn? Kó má tàn mọ́. Bí mo bá tún gbọ́ ìkùn rẹ̀, èmi fúnra mi ni màá fi àáké gé okùn yín."

"Ìyá, ọmọ mi wà lókè."

"Ṣé èmi ni mi ò mọ̀? Ọwọ́ mi ló bọ́ sí nígbà tó dáyé. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn wà nílẹ̀ níbí, Ìbíwùmí. A kì í fi ojú ẹni-ẹlẹ́ni tún tẹni ṣe." Ó gbá ilẹ̀kùn dé, ó lọ.

Láwuyì fi ọwọ́ nu orí. "Ìyá yìí! Ó kù díẹ̀ kó nà wá."

Ìbíwùmí ti dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ìbínú ni Ìyá fi sọ̀rọ̀, èébú ni, kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan nípa òòfà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ná. Ara rẹ̀ rántí rẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó rántí: bó ṣe máa ń tẹ̀ba, tó máa ń mi ìdí lọ sọ́tùn-ún lọ sósì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí ọmọ á máa rọra yọ̀ lọ síbi tó fẹ́ kó lọ, láìkígbe. Ó dúró lójijì.

"Láwuyì! Ìkùn wa yára jù!"

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ìkùn kíákíá, ìpòòyì òkòtó ló ń bá jà. Òkòtó tí o bá gbá nígbà tó ń pòòyì, kí ló ń ṣe?"

"Ṣe ló ń ṣubú."

"Ó ń ṣubú! Ibi tó yẹ kó ti padà sókè ló já bọ́ sínú afẹ́fẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a fi òkòtó sílẹ̀. Yíyí tó ń yí ayé po ni ká bá ṣe. Ká mi ọ̀já náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ká jẹ́ kí ìgbì kan ṣoṣo gùn tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ àkàrà kan tán."

"Àkàrà ta ni? Tèmi kì í pẹ́ lẹ́nu o."

"Láwuyì!"

"Mo ń gbọ́, ẹ̀gbọ́n, mo ń gbọ́." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ojú náà ti ń tàn. "Bí a bá ń mì ín bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí eruku bá yí ayé po la ó máa tì í síta díẹ̀. Á máa jìnnà sí wa, á máa lọ sí etí ọ̀já tó kọjú sí oòrùn..."

"Oòrùn sì ti bú gbàmù lánàá. Ẹ̀fúùfù rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Bó bá dé, á ti etí ọ̀já wọlé, gbogbo èyí tó bá wà lẹ́bàá etí nígbà náà á bọ́ síta gbangba òfuurufú. Kò ní kan ẹnikẹ́ni. Òkè ni yóò gbà lọ, kò ní gba ìsàlẹ̀!"

Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń fò bí ọmọ iléèwé tí wọ́n fún ní ìsinmi. Láwuyì ló kọ́kọ́ dúró.

"Agbára ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ á máa jẹ agbára bí iná ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń jẹ koríko."

Àwọn méjèèjì wojú ara wọn. Ibì kan ṣoṣo ni irú agbára bẹ́ẹ̀ wà ní Èbúté-Dídì.

Inú àká ni Ìbíwùmí ti bá Ìyá Alákàá. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn irin tí wọ́n fi ń sé ooru mọ́nú ihò, ooru ń rù láti ìsàlẹ̀, ó ń fi òrí tó kù nínú igbá pa ọwọ́. Ìbíwùmí kúnlẹ̀, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá gbọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"O wá fẹ́ ná ooru ìgbà òkùnkùn wa tán."

"Ìdajì péré, Ìyá. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdajì tó kù á gbé wa dé ìgbà tí oòrùn bá yọ, bí a bá ń ṣún un lò."

"Ó dá ọ lójú pé ìdajì á tó?"

"Ó dá mi lójú." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ìyá sì gbọ́ gbígbọ̀n náà, ó wojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ọkọ mi wà lára àwọn tó gbẹ́ ihò yìí. Abẹ́ àpáta tó ò ń wò yẹn ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tó ń kú lọ, kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan fún mi. Ó ní, 'Má jẹ́ kí àká gbẹ.'" Ó fi ọmọrí dé igbá òrí. "Ìdajì. Bó bá tán, ó tán. Má sáré wá bẹ̀ mí. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín bá kan ìdajì, ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi pa á. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́."

Ẹ̀fúùfù oòrùn dé lọ́jọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, èèyàn kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo abẹ́rẹ́ òòfà inú yàrá iṣẹ́ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Láwuyì fa ọ̀pá wálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn bàbà kò kùn. Ó mí. Ó fà, ó dẹ̀, ó fà, ó dẹ̀, bí ẹranko ńlá tó ń sùn sábẹ́ yìnyín. Gbogbo wọn kọjú sí akaná. Akaná kò ta pútú.

"Kò sí èyí tó ń já bọ́!" Láwuyì ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù kí eruku náà má gbọ́. "Kò sí ẹyọ kan!"

Dígí àwòrán wà lára ògiri, tó ń fi ọ̀já ayé hàn ní àwọ̀ pupa. Pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú síta bí ìyẹ̀fun inú omi gbígbóná. Ẹ̀fúùfù oòrùn ti etí rẹ̀ wọlé, wọ́n sì rí i bí pupa náà ṣe ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó ń tàn ká, tí ó ń ṣí, tí ó ń lọ bí ìyàngbò tí obìnrin ń fẹ́ nínú atẹ́gùn. Ayé ń gbọn ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbíwùmí kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Láàárín ẹkún náà, òjò inú agbóhùnrìn dá.

"...àámi. Màámi. Àwòdì rèé. Ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

"Àríkẹ́!"

"Màámi, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀? Akaná wa ń lọ sílẹ̀! Ó ń pariwo tẹ́lẹ̀ débi pé a kò gbọ́ ara wa, ní báyìí..." Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ẹ má dúró o. A ti wọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Láwuyì wí, ó nàka sí abẹ́rẹ́ agbára. Ó ti kan ìdajì.

Pupa ṣì wà nínú dígí. Ó ti di fọ́nrán, ṣùgbọ́n ó ṣì wà, àmì kékeré funfun tí í ṣe Àwòdì sì wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Ìbíwùmí rìn lọ síbi ọ̀pá ìtanná. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ilé àwọn apẹja wá sí i lójú, òkùnkùn gígùn náà wá sí i lójú. Ohùn ọmọ rẹ̀ ń ka iye akaná lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti fa ọ̀pá náà sókè, ọwọ́ kọ̀. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí kí àká fúnra rẹ̀ gé wọn kúrò, kí iná kú, kí ó má jẹ́ òun ló pa á.

Iná kò kú. Abẹ́rẹ́ náà gbọ̀n, ó sì gun òkè padà.

"Agbára ṣì ń bọ̀!" Láwuyì pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ń pọ̀ sí i!"

"Àká náà jìn ju bí mo ṣe rò lọ," ni Ìbíwùmí wí. Ó gbà á gbọ́, nítorí pé ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá. "Mì ín! Máa mì ín lọ!"

Wọ́n mì ín títí pupa fi tán lójú dígí, tí Àwòdì sì yọ sí abẹ́ ọ̀já bí ẹja tó bọ́ lójú àwọ̀n. Nígbà tí Àríkẹ́ sọ pé àwọn ti bọ́ sójú òkun, pé àwọn ń rí ọkọ̀ àwọn apẹja, gbogbo yàrá hó yèè. Láwuyì gbé Ìbíwùmí sókè, àgbàlagbà obìnrin, ó ń fi í yí po. Wọ́n wá rántí pé ó yẹ kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ti kú fúnra rẹ̀.

Ìbíwùmí sáré jáde láti lọ sọ fún Ìyá. Ìta dákẹ́. Omi tó máa ń kán láti etí òrùlé gbogbo ilé, nítorí ooru àká tó ń gba abẹ́ wọn kọjá, kò kán mọ́. Yìnyín ti so mọ́ etí páànù. Lẹ́bàá omi, àwọn èèyàn ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi: ìkòkò, ẹní, àwọ̀n, àwọn adìyẹ nínú àgò. Baba Ọdẹ́wálé gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lé orí. Ó rí Ìbíwùmí, ó juwọ́.

"Ṣé ọmọ ti bọ́?"

"Ó ti bọ́, Baba."

"Ọpẹ́ o!" Ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìbíwùmí dé ẹnu àká. Ilẹ̀kùn irin náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Alákàá jókòó sórí àpótí rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù méjì lé ara wọn.

"Ìyá, ìdajì ni mo tọrọ."

"Mo gbọ́ bó o ṣe wí i. Mo sì gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe gbọ̀n." Ó fa ẹ̀wù mọ́ra. "Mo pe ìlú jọ kí ẹ̀fúùfù yẹn tó dé. Mo ní bí ìdajì kò bá tó ńkọ́? Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdajì tó kù náwọ́ sókè. Mo retí, ọwọ́ mi ni mo ń retí jù. Kò gbéra. Baba Ọdẹ́wálé onímú bíbó ló kọ́kọ́ dìde, ó ní òun ń lọ di ẹrù."

"Ẹ kò sọ fún mi."

"Ká ní mo sọ fún ọ, ṣé wàá lè ṣiṣẹ́?"

"Kí oòrùn tó wọ̀, a lè tún..."

"Kò lè kún mọ́ kó tó wọ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ tó o mọ ìṣirò. Ìlú yìí ti tán, ọmọ mi. A ó wá ibòmíràn."

Ìbíwùmí fẹ́ kúnlẹ̀, Ìyá fi ọ̀pá dá a dúró, nítorí pé àwọn apẹja ń gbé Àríkẹ́ bọ̀ láti etí omi. Wọ́n ti yọ òun àti àwọn mẹ́wàá tó kù láàyè. Òṣùpá ti gba okun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lè dá dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ roro. "Màámi," ló ń wí, "Màámi," bí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn lọ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀nà ń yọ̀, àwọn apẹja sì ní ẹrù tiwọn láti gbé.

"Ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn," ni Ìbíwùmí wí, ó nàró, ó na apá sẹ́yìn.

Ìyá Alákàá ti ń tú aṣọ òfì kúrò nídìí ẹ̀wù rẹ̀, èyí tó nípọn, tó gbó. "Bẹ̀rẹ̀ ná," ló wí.

Ìbíwùmí bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sùn sí i lẹ́yìn gbalaja, ó wúwo bí àgbà, ó gbóná. Bó ti tẹ̀ba bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ṣe déédéé ẹnu àká tó ṣí sílẹ̀, òtútù inú rẹ̀ sì fẹ́ sí i lójú. Kò gbójú kúrò. Ìyá fa aṣọ náà yí wọn ká, ó fà á le, ó kì í bọ abẹ́ apá.

"Ó ti dúró," ni Ìyá wí. "Dìde."